Bàálù Kò Gbó, Ẹ̀rọ Inú Rẹ̀ Ló Gbó

Ní ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ Cessna, ní ìlú Wichita ní ìpínlẹ̀ Kansas, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ń pè ní 172. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbà. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní 44,000, kò sì sí irú bàálù mìíràn tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ láyé. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1986 nígbà tí ẹjọ́ tí wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe bàálù lórí ìjàǹbá di ẹrù tí wọn kò lè gbé mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 1994 pé bí bàálù kékeré bá ti lé ní ọdún 18, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún tìtorí àbùkù inú rẹ̀ pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́. Lẹ́yìn òfin yìí ni Cessna tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1996. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ 172 tí ẹ óò bá ní àwọn pápákọ̀ kéékèèké Amẹ́ríkà lónìí ló dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Ara wọn ṣì le. Páànù alumíníọ̀mù tí wọ́n ń tọ́jú kì í tètè jẹrà, ẹ́ńjìnnì sì ṣeé tú palẹ̀ kí wọ́n tún un tò. Ohun tó ń dàgbà tí kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀ ni rédíò, géèjì àti wáyà.

Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù ọ̀kan nínú wọn. Níwájú ẹni tó ń wà á, géèjì mẹ́fà ló tò síbẹ̀, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀: ọ̀kan ń sọ bí bàálù ṣe ń sáré tó, ọ̀kan ń sọ bó ṣe ga tó, òmíràn ń fi hàn bóyá ó tẹ́jú tàbí ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n to àwọn rédíò lé orí ara wọn. Èyí tó wà lókè pátápátá ni GNS 430, tí ilé-iṣẹ́ Garmin gbé jáde ní 1998, tó pa rédíò àti GPS pọ̀ sójú kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni KX 170B wà, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ King láti àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń fi kókó yí nọ́ńbà rẹ̀. Lábẹ́ ìyẹn ni ADF, abẹ́rẹ́ tó ń nàka sí àwọn òpó rédíò tí wọ́n ń pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ pátápátá, àpótí Loran kan, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí bàálù wà kí GPS tó dé, ṣì wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń tàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù kejì ọdún 2010 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pa Loran-C. Kò sí ẹni tó yọ ọ́ kúrò, nítorí pé yíyọ rẹ̀ pàápàá, owó ni.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn olówó bàálù ni kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n gbé sikirínì tuntun aláwọ̀ mèremère síbẹ̀. Mi ò ní jiyàn pé kò rẹwà. Àmọ́ ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ tí ẹ ń dá lẹ́bi kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ká mú rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lónìí, tó dákẹ́ lọ́la. Inú àpótí páànù tí wọ́n dè mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń wọ̀. Ihò tóóró kan wà lójú rẹ̀. Irin onígun mẹ́fà ni wọ́n ń tì bọ ibẹ̀, wọ́n á yí i títí ìkọ́ tó dì í mú yóò fi tú, rédíò á sì yọ́ bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ní ìdí rẹ̀, wọ́n á rí àwọn eyín tín-ín-rín tó ń kan ti inú àpótí, níbi tí iná àti ohùn ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ogójì ọdún, àwọn eyín náà ti ṣú. Ọ̀rinrin ti mú wọn, èéfín sìgá tí àwọn awakọ̀ ayé ìgbà náà ń fà sínú bàálù sì ti lẹ̀ mọ́ wọn. Kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n nù ún pẹ̀lú oògùn tó ń fọ ẹnu wáyà, kí wọ́n tì í padà kó wọlé ṣinṣin, ìyẹn nìkan ti jí ọ̀pọ̀ rédíò dìde. FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, tiẹ̀ gba awakọ̀ tó ni bàálù láyè láti fa irú rédíò yìí jáde kó sì dá a padà fúnra rẹ̀, bó bá ṣáà ti kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ bàálù. Transponder tó ń dá radar lóhùn, autopilot tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀ àti DME tó ń wọn bí ibì kan ṣe jìnnà tó ni òfin yọ sílẹ̀. Ìyẹn di ti oníṣẹ́.

Bí bàálù bá ní rédíò méjì tí wọ́n jọ jẹ́ irú kan náà, àyẹ̀wò mìíràn wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé tòkè sí ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé tìsàlẹ̀ sókè. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé rédíò lọ sí ibùdó rẹ̀ tuntun, rédíò ló ń ṣàìsàn. Bó bá dúró sójú kan, tí rédíò tó yá gágá lánàá wá ń kákò nígbà tó dé ibẹ̀, ẹ fi rédíò sílẹ̀, kí ẹ tọ wáyà lọ títí dé ẹ́ríà. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń san owó ìtúnṣe rédíò láì ṣe èyí rí.

Ẹ́ríà fúnra rẹ̀, ìta ló ń gbé. Òjò ń pa á, oòrùn ń yan án, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a. Wọ́n fi bóòtù de ìdí rẹ̀ mọ́ páànù orí bàálù, páànù yìí sì jẹ́ ìdajì ẹ́ríà, nítorí pé láìsí rẹ̀, ìgbì rédíò kò ní ríbi tì sí. Bí rọ́bà tí wọ́n fi lẹ ìdí rẹ̀ bá sán, omi á wọlé, ohun funfun kan tó rí bí ìyẹ̀fun á sì hù sáàárín ẹ́ríà àti páànù. Láti ìgbà náà lọ, awakọ̀ á máa gbọ́ ẹni tó wà nítòsí, kò ní gbọ́ ẹni tó jìnnà. Ìtọ́jú rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n fá ìdí rẹ̀ títí páànù yóò fi dán, kí wọ́n sì fi rọ́bà tuntun lẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni wáyà tí wọ́n dè mọ́ ara bàálù kí iná lè ríbi padà: bó bá dẹ̀, ariwo á máa hó nínú fóònù etí, ariwo náà á máa ga bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré sí i. Rédíò tuntun kì í wo ariwo yìí sàn.

Èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni gíga tí àwọn tó ń darí ọkọ̀ ń rí lórí radar wọn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó sì ń rán gíga bàálù sí transponder. Nínú àwọn ti àtijọ́, wáyà bíi mẹ́wàá ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ. Iná á wà nínú àwọn kan, kò ní sí nínú àwọn yòókù, bí wọ́n sì ṣe tàn pọ̀ ni transponder fi ń mọ ẹsẹ̀ tí bàálù wà. Bí ẹyọ wáyà kan bá já, gíga náà kò ní ṣìnà ní gbogbo ìgbà. Níbi tí kò bá ti yẹ kí wáyà yẹn ní iná, ohun gbogbo á tọ̀nà. Bí bàálù bá gòkè díẹ̀ dé ibi tí ó ti nílò rẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á ké sí awakọ̀ pé àwọn rí i ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹsẹ̀ sí ibi tó sọ pé òun wà. Ó tún gòkè díẹ̀ sí i, ó tún tọ̀nà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á ra transponder, á ra ẹ̀rọ tó ń wọn gíga, wàhálà náà á sì máa wo òun àti owó rẹ̀ níran.

Nǹkan kan wà tí n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa rọra tún ṣe: àwọn géèjì tí afẹ́fẹ́ ń yí. Nínú bàálù àtijọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń yí póǹpù kan tó ń fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí á gba inú géèjì kọjá, á sì máa yí àgbá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní jáírò ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Àgbá tó ń yí kíkankíkan kì í fẹ́ kúrò ní ìdúró rẹ̀, nítorí náà bí bàálù ṣe ń fì, àgbá náà kò ní fì. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni géèjì fi ń fi ojú ọ̀run àti ilẹ̀ han awakọ̀ tó wà nínú kùrukùru. Abẹ kábọ́ọ̀nù ló wà nínú póǹpù náà. Kò ní ọ́ìlì; eruku ara rẹ̀ ló fi ń yọ̀. Abẹ náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí bàálù bá ń fò, lọ́jọ́ kan á sì fọ́ wẹ́wẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá tó so póǹpù mọ́ ẹ́ńjìnnì á já, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa bá a lọ.

Ewu ibẹ̀ ni pé géèjì kì í kú lójú ẹsẹ̀. Àgbá náà á máa rẹ̀ ẹ́, á máa fì díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Awakọ̀ tí kò rí nǹkan kan ní ìta ju funfun lọ á máa tọ́ bàálù tẹ̀ lé e, á rò pé òun ń mú un dúró gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ ló ń dà á sí ẹ̀gbẹ́. Etí èèyàn kò sì lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé nínú kùrukùru, etí inú máa ń parọ́ fún ara. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá, ọdún 2000, Gómìnà Mel Carnahan ti ìpínlẹ̀ Missouri, tó ń du ipò sẹ́nétọ̀ lọ́wọ́, kú nínú bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan, Cessna 335, tí ọmọ rẹ̀ ń wà. Alẹ́ ni, ojú ọjọ́ kò dára. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀, sọ pé awakọ̀ kò mọ ìdúró bàálù rẹ̀ mọ́, àti pé ara ohun tó fà á ni pé géèjì pàtàkì tó ń fi ìdúró bàálù hàn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará Missouri ṣì dìbò fún un lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó sì wọlé.

Lójú tèmi, ẹni tó bá ń wọ kùrukùru pẹ̀lú bàálù rẹ̀, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kó owó sí. Ní 2016, FAA fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi Garmin G5 rọ́pò géèjì aláfẹ́fẹ́ nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré. GI 275 tẹ̀ lé e ní 2020. Kò sí àgbá kankan nínú wọn. Ẹ̀rọ akíyèsí tín-tìn-tín tó jẹ́ ẹbí èyí tó wà nínú fóònù ló ń mọ ìdúró bàálù, wọ́n sì ní bátìrì tiwọn, tó fi jẹ́ pé bí iná bàálù bá kú pátápátá, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fi méjì sí i, wọ́n lè tú póǹpù àti gbogbo rọ́bà rẹ̀ kúrò, kí bàálù sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ autopilot kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn autopilot àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé láti inú géèjì aláfẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń mọ bí bàálù ṣe dúró. Ẹni tó bá yọ géèjì láìbèèrè ti fọ́ autopilot lójú.

Ní ti àwọn rédíò, kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́ ló ń pa wọ́n, àìsí pátì ni. Narco, tí rédíò rẹ̀ kún inú bàálù Amẹ́ríkà nígbà kan, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2011. King, tí Ed King dá sílẹ̀ ní 1959, ti kọjá lọ́wọ́ olówó kan sí òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ti ṣiṣẹ́ ní King, Gary Burrell, ló para pọ̀ mọ́ Min Kao tí wọ́n dá Garmin sílẹ̀ ní 1989. Ìlú Olathe ní Kansas, níbi tí King wà nígbà náà, ni olú ilé-iṣẹ́ Garmin wà títí dòní. Garmin náà ti ní arúgbó tirẹ̀. GTN 650 àti 750 dé ní 2011 láti rọ́pò GNS 430, sikirínì 430 sì ti di ọ̀wọ́n. Bí tiyín bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ṣì níye lórí lọ́jà. Bí sikirínì rẹ̀ bá kú, ó di pátì.

Nítorí èyí ni ọjà tòkunbọ̀ fi gbòòrò. Ẹni tó bá ti ra pátì mọ́tò ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó rí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ: kí ẹ rí i kó tàn lójú yín kò tó. Ẹ bèèrè ìwé FAA tó fi hàn pé ilé ìtúnṣe tó ní ìwé àṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bèèrè àpótí páànù àti ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń tà á máa ń fi wọ́n sílẹ̀ sínú bàálù tí wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ sì yẹ iná rẹ̀ wò. Láti 172 ti ọdún 1978 ni Cessna ti bọ́ sí iná 28 fóòtì. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀, 14 ni wọ́n ń lò. Rédíò oní-14 tí wọ́n so mọ́ iná 28 kò ní pẹ́ rárá.

Owó ẹ̀rọ tuntun máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, òfin sì wà lára ohun tó fà á. Bàálù tí ilé-iṣẹ́ ṣe, ohun tí FAA ti fọwọ́ sí fún irú bàálù yẹn nìkan ni wọ́n lè de mọ́ ọn. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kan bàálù tirẹ̀ nínú gáréèjì kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Fún ọdún pípẹ́, irú àwọn akanbàálù bẹ́ẹ̀ ń fò pẹ̀lú sikirínì tó dára tó sì wọ́n níwọ̀n, nígbà tí àwọn tó ní Cessna ń wò wọ́n tìlara-tìlara. Ní 2016 ni ìdènà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí: ẹgbẹ́ EAA, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn akanbàálù, gba àṣẹ láti fi sikirínì Dynon D10A sínú Cessna àti Piper, FAA sì gbé ìlànà kan jáde lọ́dún kan náà tó mú kí ó rọrùn láti fi ohun tí òfin kò pọn dandan sínú bàálù kó lè gba ẹ̀mí là. Mo gbà pé ìlànà yìí ti gba ẹ̀mí ju ọ̀pọ̀ ìwé òfin líle lọ. Kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé ADS-B náà: láti ọjọ́ kìíní ọdún 2020, kò sí bàálù tó lè wọ àwọn ojú ọ̀run tó kún ní Amẹ́ríkà láìní ẹ̀rọ tó ń ké ibi tó wà jáde. FAA tiẹ̀ fi dọ́là 500 ran àwọn olówó bàálù kan lọ́wọ́ láti rà á. Ọ̀pọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ṣí nígbà yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún.

Nígbà tí wọ́n bá sì ṣí i, ẹnu á yà yín. Wáyà rédíò tí wọ́n yọ ní 1985 ṣì wà níbẹ̀, wọ́n kàn gé e, wọ́n sì fi téèpù dì í lẹ́nu. Wáyà Loran wà níbẹ̀. Ara àwọn wáyà àtijọ́ kan, rọ́bà PVC ni, tí èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé bó bá gbiná. Ti òde òní, Tefzel ni, kì í tètè jó. Oníṣẹ́ gidi á fa gbogbo òkú wáyà yẹn jáde kó tó fi tuntun sí i, á kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan tuntun, á sì dè wọ́n kúrò lọ́nà irin tí awakọ̀ fi ń tọ́ bàálù. Ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń jẹ ọjọ́ nìyí, ìdí sì nìyí tí owó iṣẹ́ fi lè ju owó ẹ̀rọ lọ. Ẹni tó bá ní òun á ṣe é ní ìlàjì owó, ẹ bi í léèrè bóyá ó máa yọ wáyà àtijọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Wọ́n á tún ìwọ̀n bàálù ṣírò, nítorí pé gbogbo àpótí tó kúrò àti èyí tó wọlé ń yí ibi tí ẹrù gbé tẹ̀ padà. Wọ́n á kọ fọ́ọ̀mù 337, ẹ̀dà kan fún olówó bàálù, ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì FAA ní Oklahoma City. Wọ́n á yẹ ọ̀nà afẹ́fẹ́ géèjì wò bóyá ó ń jò, bí wọ́n bá ti tú u. Transponder ní àyẹ̀wò tirẹ̀ ní gbogbo oṣù 24, géèjì gíga náà sì ní tirẹ̀ ní gbogbo oṣù 24 fún ẹni tó ń wọ kùrukùru. Kọ́ńpáàsì pàápàá, wọ́n á tún yí bàálù káàkiri lórí ilẹ̀ láti wò ó, torí pé ẹ̀rọ tuntun lè fa abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣìnà.

Ẹ má gbé bàálù wọ kùrukùru lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a padà fún yín. Ojú ọjọ́ tó mọ́ kedere ni kí ẹ fi fò ó lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ tan ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tó bá ṣe ségesège sílẹ̀, nítorí pé kò sí iṣẹ́ ńlá báyìí tí nǹkan kan kò ní kù nínú rẹ̀. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ gba àwòrán wáyà tuntun náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ fi pa mọ́ pẹ̀lú ìwé bàálù. Oníṣẹ́ tó máa ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn lẹ́yìn yín máa nílò rẹ̀.